Bí Bàbá Ìyàwó Mi Ṣe Káwọ́ Sẹ́yìn

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni wọ́n ta abọ́ òrí kékeré kan fún ìyàwó mi ní ọjà Ṣàgámù láìpẹ́ yìí. Abọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Nígbà tí ó gbé e délé, mo wò ó, mo sì béèrè bóyá wọ́n po wúrà mọ́ ọn ni. Ó ní kí n má yọ òun lẹ́nu, pé èmi ni èjìká ń dùn, kì í ṣe òun. Mo rántí ìgbà tí kọ́bọ̀ ṣì ń ra nǹkan, tí kọ́bọ̀ mẹ́wàá ń ra igbá òrí tí odindi ilé yóò fi pa ara títí ọyẹ́ yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Kọ́bọ̀ díẹ̀ ni owó ọkọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ sí Ṣàgámù, ẹni tó bá sì ní náírà kan lápò ní ọjọ́ Àìkú lè gba àlejò láìfòyà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ sọ. Òrí yẹn ló rán mi létí èjìká mìíràn, èjìká tí mo kọ̀ láti fi òrí pa ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, tí ó sì kù díẹ̀ kí ó gba ìyàwó yìí kan náà lọ́wọ́ mi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé nígbà náà ni. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ni èyí tí gbogbo ayé ń pè ní físíò lónìí: kí a fi ọwọ́ wọ́ iṣan tó fara pa, kí a kọ́ ẹsẹ̀ tó rọ bí yóò ṣe tún rìn, kí a dá apá tó gan padà sípò. Àwọn ènìyàn kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà ní Ìkẹ́nnẹ́, máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun lọ sí yunifásítì lọ kọ́ ara wíwọ́, bí ẹni pé kò sí ìyá àgbà nílé tó lè kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi náà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn. Aṣọ funfun mi kì í kúrò lọ́rùn mi, àní ní ọjọ́ tí n kò lọ síbi iṣẹ́. Bí mo bá rí ẹni tí èjìká rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójú títì, màá dúró, màá máa ka orúkọ iṣan rẹ̀ ní èdè Látìnì sínú. Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ọ̀dọ́.

Ilé ìwòsàn kan ní Ṣàgámù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ jẹ́ olùkọ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Ìkẹ́nnẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ àdúgbò Màkún ní Ṣàgámù ni, láti agbo ilé àtijọ́ kan níbẹ̀. Òun ni àbíkẹ́yìn, òun nìkan ló sì kù tí kò tíì lọ sílé ọkọ. Oko obì ni bàbá rẹ̀ fi tọ́ gbogbo wọn. Ẹni tó bá mọ Rẹ́mọ mọ̀ pé obì kì í rìn wọ inú apẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń já a, ọ̀pá tí wọ́n so ọ̀bẹ mọ́ lórí, tí ènìyàn yóò gbé sókè ju orí lọ láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí, tí yóò máa tì, tí yóò máa fà, tí obì yóò sì máa já lù ú. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí Bàbá ti ń na apá ọ̀tún sí igi, apá náà kọ iṣẹ́. Nígbà tí mo mọ̀ wọ́n, wọn kò lè gbé e kọjá àyà. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń dé fìlà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wọlé kí wọn, ọ̀tún náà ni wọ́n á ṣì gbìyànjú láti nà, ojú wọn á sì fún pọ̀.

Nígbà tí àwọn ènìyàn mi lọ mọ̀ wọ́n nílé, gbogbo nǹkan lọ déédéé. Bàbá gba obì, wọ́n ní àwọn kò rí àléébù kankan lára ìdílé wa. Ó wá ku kí a dá ọjọ́ ìdána. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Bàbá gbé ọwọ́ òsì lé èjìká ọ̀tún, wọ́n mi kanlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí apá yìí sàn ná. Gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni mo gbé lé wọn lórí kí wọ́n tó kúrò nínú ilé yìí. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ṣé òsì ni n ó wá fi júwe ilé ọkọ fún àbíkẹ́yìn mi?"

Àwọn ènìyàn mi dìde, wọ́n sì dágbére. Ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Bàbá kò fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní àwọn kò lè bọ́ aṣọ níwájú àwọn ọmọ tí àwọn mọ bàbá wọn. Mo bá ní èmi yóò máa wá sílé ní gbogbo Sátidé. Inú mi dùn. Mo ti rí i lójú ọkàn mi bí àna mi yóò ṣe máa ju ọwọ́ sókè bí ọmọ ológun kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo Màkún yóò sì máa sọ pé ọkọ ọmọ wọn ló ṣe é.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, Màmá, ìyàwó Bàbá, ti yọ́ òrí sínú àwo kan dè mí. Igbá kọ́bọ̀ mẹ́wàá tí mo sọ nìyẹn, wọ́n tìtorí mi rà á ni. Mo dúpẹ́, mo sì ní a kò ní lò ó.

"A kò ní lo òrí?" Màmá wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí lo fẹ́ fi wọ́ wọn? Itọ́?"

Mo ṣàlàyé pé irú ara wíwọ́ yìí yàtọ̀. Ìka kò gbọdọ̀ yọ̀ lórí awọ. Ìka àti awọ ni wọ́n jọ ń lọ, tí wọ́n jọ ń bọ̀, lórí iṣan tó fara pa, ní ìdábùú, bí ẹni ń fi àtàǹpàkò ha ìpáàrà lára wáyà. Màmá gbé òrí wọn padà sí ilé ìdáná. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ pé yunifásítì ti ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Iṣan tó ń dùn Bàbá jù ni èyí tó gba òkè èjìká kọjá, tó fi orí mọ́ eegun apá. Bí ọwọ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lórí itan, iṣan náà á sá sábẹ́ eegun èjìká bí ìgbín tó wọ ìkarahun. O lè máa tẹ ibẹ̀ títí ilẹ̀ ọ̀la yóò fi mọ́, eegun ni wàá máa tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá rọ̀gbọ̀kú díẹ̀, tó ká ọwọ́ sẹ́yìn, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìbàdí, iṣan náà á yọ síwájú, á yọ orí lábẹ́ ìka. Mo jẹ́ kí Bàbá fẹ̀yìn ti àga ìrọ̀gbọ̀kú wọn, mo gbé àpótí kan sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo jókòó. Mo wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Kí ẹ ká ọwọ́ sẹ́yìn, sà."

"Kí n káwọ́ pọ̀nyìn?" Bàbá wo Màmá, wọ́n wo ọmọ wọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tún padà wò mí. "Kí ni mo jí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á náà mọ ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ. Ẹni tó jẹ̀bi ní í káwọ́ pọ̀nyìn rojọ́: olè níwájú ọba, ọmọ tó fọ́ ìkòkò níwájú ìyá rẹ̀. Èmi tó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọkùnrin yìí kí n tó fẹ́ ọmọ rẹ̀, èmi ni mo jókòó lórí àpótí tí mo ń sọ fún un pé kí ó ṣe bí ọ̀daràn.

"Mo ti dé ààfin ọba ní Òfin láìmọye ìgbà," ni Bàbá wí. "N kò káwọ́ pọ̀nyìn níbẹ̀. Ṣé inú pálọ̀ ara mi ni n ó ti wá ká a, níwájú ọmọ Ìkẹ́nnẹ́?"

Mo tọrọ àforíjì. Mo gbé ọwọ́ wọn lé ìrọ̀rí lórí itan, mo sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ṣe é ní Sátidé yẹn, mo ṣe é ní èyí tó tẹ̀lé e. Ọyẹ́ wá, ọyẹ́ lọ, mo ṣì ń gun alùpùpù mi lọ sí Màkún, mo ń fi gbogbo agbára tẹ eegun. Màmá ń fún mi ní ẹ̀bìrìpò, kókò lílọ̀ tí a sè nínú ewé, jẹ lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí inú wọn dára ju ẹnu wọn lọ. Mo sanra. Apá Bàbá kò gbéra. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn náà ní ọ̀nà tó ṣe pẹ̀lẹ́, Bàbá á sì máa béèrè ọjà obì lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé èmi náà ń ta obì fún àwọn Háúsá ní Sábó.

Nílé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń bínú. Ó gbà pé Bàbá ń fi apá ṣe àwáwí ni. "Ìgbà tí apá àgbà yẹn bá fi máa sàn, ìwọ náà á ti di àgbà. Ọmọbìnrin kún Ìpẹ̀rú. Bí Àjíǹde bá kọjá tí wọn kò dá ọjọ́, èmi fúnra mi ni n ó lọ gba obì wa padà." Kì í ṣe obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe é. Òun ló ń ṣe olórí ilé wa látìgbà tí bàbá mi ti kú, bí ó bá sì gba obì padà, ó ti parí nìyẹn.

Mo sọ fún àfẹ́sọ́nà mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo dúró dè é níwájú ilé ẹ̀kọ́ wọn. Kò sunkún. Ó ń fọ ẹfun kúrò ní ìka rẹ̀.

"Ṣé ọwọ́ ẹ̀yìn yẹn nìkan ló kù?" ó béèrè.

Mo ní òun nìkan ni.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é ní Sátidé."

Nígbà tí mo débẹ̀ ní Sátidé náà, Bàbá ti wà lórí àga wọn. Àfẹ́sọ́nà mi ti inú yàrá jáde pẹ̀lú ìrọ̀rí kan àti òjá àtijọ́ kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Màmá rí òjá náà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Níbo lo ti rí i? Mo rò pé èkúté ti jẹ ẹ́ tán."

Màmá ló sọ ìtàn náà fún mi. Nígbà tí ọmọ yìí kéré, àìsàn èéyi mú un ní abúlé oko, ní ìgbà òjò. Ara rẹ̀ gbóná débi pé kò lè dúró. Màmá wà ní Ṣàgámù lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ kankan kò sì lè wọ ẹrẹ̀ yẹn. Bàbá mú òjá, wọ́n pọ̀n ọmọ náà sẹ́yìn bí obìnrin, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn wá sí Ṣàgámù nínú òjò. Àwọn tó pàdé wọn lójú ọ̀nà ń bá wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń kí wọn pé ẹ kú ewu ọmọ, wọ́n ń béèrè bóyá omi ọyàn tó.

Àfẹ́sọ́nà mi kúnlẹ̀ sẹ́yìn àga. Ó fi ìrọ̀rí náà sẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó gba òjá yí i ká, ó so ó níwájú.

"Bàbá," ó wí, "ẹ pọ̀n mí."

Mo wo ilẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ojú mi kò yẹ lára ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo gbọ́ tí àga náà dún. Ọwọ́ òsì Bàbá ti lọ sẹ́yìn, sí ìdí ìrọ̀rí. Ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ̀lé e, díẹ̀díẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ọmọ wọn fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lẹ́yìn, kò fà á, ó kàn ń bá a lọ, títí ẹ̀yìn ọwọ́ náà fi kan ìbàdí, tí àtẹ́lẹwọ́ sì ṣí bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé ìdí ọmọ ró.

Mo fi ìka sí iwájú èjìká. Iṣan náà wà níbẹ̀. Ó ti jáde.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ. Ó ń dùn Bàbá, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí òógùn bo iwájú orí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n di ojú wọn, wọn kò sọ̀rọ̀. Màmá na ọwọ́, wọ́n tún orí ìrọ̀rí náà ṣe. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ni Màmá wí, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá.

Bàbá ṣì di ojú wọn. "Ó ti wúwo ju ti ìjọ́un lọ," ni wọ́n wí.

Láti ọjọ́ náà ni apá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Ní gbogbo Sátidé, ìrọ̀rí á wà lẹ́yìn Bàbá, ọwọ́ á lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀ kí n tó jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìrora òkè èjìká lọ, ó wá ku ti ẹ̀yìn, níbi tí iṣan mìíràn gbà wọ eegun kan náà. Bàbá rí i lójú mi pé ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè sọ.

"Mo ti káwọ́. Mo ti pọ̀n ọmọ. Kí ló tún kù?"

"Kí ẹ dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, sà, kí ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì gbé àyà sókè, kí ẹ di etí bẹ́ẹ̀dì mú."

Bàbá rò ó. "Ìyẹn ni pé kí n dọ̀bálẹ̀."

"Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ gan-an, sà. Orí bẹ́ẹ̀dì ni."

"Ìdọ̀bálẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì." Bàbá dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n ti fèrèsé méjèèjì. Wọ́n gbàgbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àtàǹpàkò kan ẹ̀yìn èjìká wọn ni ọ̀rẹ́ wọn kan, tí wọ́n jọ ń ṣe oko obì láti kékeré, gba ilé ìdáná wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó wo Bàbá tó nà gbalaja, ó wo èmi tó dúró lé wọn lórí.

"Yéè! Ẹ̀yin ará Màkún, ẹ wá wo ayé o! Àna ń dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ ọmọ! Kí ló fún ẹ jẹ?"

"Jáde níbẹ̀, ìwọ aláìlójútì! Bí mo bá dìde, apá yìí ni n ó fi gbá ọ létí."

"Apá wo? Èyí tí kò lè pa eṣinṣin?"

Bàbá fẹ́ bínú, ẹ̀rín mú wọn. Wọ́n rín in tí èjìká fi ń mì, tí mo fi ní láti mú ọwọ́ mi kúrò. Ọ̀rẹ́ wọn náà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn tí a parí, ó bi mí bóyá mo lè wo eékún tòun náà. Ó ní òun kò bìkítà irú ìdọ̀bálẹ̀ tí mo bá fẹ́.

Ọjọ́ Àjíǹde ti ń súnmọ́lé nígbà tí mo kúrò níbi iṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, tí mo ní kí n yà kí wọn. N kò sọ tẹ́lẹ̀ pé mò ń bọ̀. Mo gba ẹnu ọ̀nà wọlé, mo bá Bàbá nídìí ògiri tí wọ́n ń fi fìlà kọ́ sí. Ìṣó tí fìlà wà lórí rẹ̀ ga ju orí wọn lọ dáadáa. Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún sókè, apá nà tán, wọ́n mú fìlà, wọ́n dé e. Kò gbọ̀n, ojú wọn kò fún. Nígbà náà ni wọ́n yí padà, wọ́n rí mi.

Ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀. Ó rọra padà sí àyà, sí ibi tó máa ń wà.

Mo kí wọn. Wọ́n dá mi lóhùn. Àwa méjèèjì jókòó. A gbọ́ tí àfẹ́sọ́nà mi, tó ti gba ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, ń kọrin lẹ́yìnkùlé, tí ó ń gún nǹkan nínú odó. Ilé náà tóbi. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí mọ́. Ní Sátidé tó ṣáájú, mo ti béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá apá ti lè kọjá àyà, wọ́n ní ó kù díẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá yé mi ohun tó kù.

"Báwo ni apá, sà?" mo béèrè.

Bàbá wò mí fún ìgbà pípẹ́. "Ìwọ ni dókítà. Báwo ni o ṣe rí i?"

Mo lè sọ pé ó ti sàn. Mo rántí ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti obì tí ó fẹ́ gbà padà. Mo rántí pé bí Àjíǹde bá kọjá, ọwọ́ mi lè ṣófo. Ṣùgbọ́n orin náà ṣì ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ó kù díẹ̀, sà," mo wí. "N ó ṣì máa wá."

Bí mo ṣe ń wọ́ èjìká tó ti sàn nìyẹn. Bàbá á ká ọwọ́ sẹ́yìn, ọmọ wọn á fi ìrọ̀rí sí i, á so òjá, èmi á fi ìka sí iṣan tí nǹkan kan kò ṣe mọ́. Bàbá kò pariwo, n kò tẹ̀ ẹ́ gidi. Àfẹ́sọ́nà mi kò mọ̀, ó ń gbàdúrà fún apá náà. Mo rò pé Màmá mọ̀, nítorí wọ́n dẹ́kun fífi mí ṣe ẹlẹ́yà, ẹ̀bìrìpò mi sì pọ̀ sí i. Nílé, mo ń sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé kí ó ní sùúrù. Mo ń sọ ọ́, mo sì ń ka ọjọ́ tó kù sí Àjíǹde.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn ṣáájú Àjíǹde, Bàbá tú òjá náà fúnra wọn. Wọ́n ká a, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n rán ọmọ wọn lọ bu omi wá.

"Sọ fún àwọn ènìyàn rẹ kí wọ́n wá lọ́la lẹ́yìn ìsìn, kí a dá ọjọ́. Apá ti sàn."

"Ó ti sàn, sà."

"Ó ti pẹ́ tó ti sàn."

"Mo mọ̀, sà."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀." Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n gbá mi ní èjìká, ó sì dùn mí gan-an. "O ṣeun, ọmọ mi."

Ní ọjọ́ ìdána, mo dọ̀bálẹ̀ bí àṣà wa. Àyà mi kan ilẹ̀, ojú mi kan ẹní. Àwọn obìnrin ń kígbe pé kò tíì tó, kí n tún un ṣe, kí n lè mọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ wọ́n. Bàbá ní kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n tẹ̀ síwájú lórí àga wọn, wọ́n sọ ọ́ sí etí mi nìkan: "Dìde. Èmi náà ti ṣe tèmi fún ọ." Mo dìde pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì bá mi wí lójú gbogbo ènìyàn pé n kò mọ ìgbà tí a kì í rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ wọn kúnlẹ̀. Bàbá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, gbọọrọ, bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ já obì tó wà ní ṣóńṣó igi, kí gbogbo ilé lè rí i. Wọ́n wá sọ ọ́ kalẹ̀ lé e lórí. Wọ́n gbàdúrà, a ṣe àmín. Àdúrà parí, a ṣe àmín tó kẹ́yìn, ọwọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Màmá ló wá rọra fọwọ́ kàn wọ́n ní ìgbọ̀nwọ́.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ìyàwó mi kò mọ̀, àfi ìgbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ìṣó àti fìlà náà fún un, lẹ́yìn tí a ti sin Bàbá. Ó sunkún ní ọjọ́ yẹn ju ọjọ́ ìsìnkú lọ.

Lónìí, èjìká tèmi ló ń yọ mí lẹ́nu. Àwọn ọmọ wa wà lókè òkun àti ní Èkó, àwa méjì la kù nínú ilé. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ìyàwó mi á ní kí n fẹ̀yìn ti àga. "Ẹ káwọ́ pọ̀nyìn," á wí, "kí ẹ rojọ́." Á fi ìrọ̀rí sẹ́yìn mi, á sì bu òrí olówó gọbọi yẹn. Mo ti sọ fún un láìmọye ìgbà pé a kì í fi òrí sí irú rẹ̀, pé ìka kò gbọdọ̀ yọ̀. Ó ní òun kò lọ sí yunifásítì tó ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó ń sọ ìròyìn ọjà fún mi bí ó ṣe ń wọ́ ọ, ta ló kú, ta ló bímọ, ibi tí wọ́n tún kọ́ ilé sí lọ́nà Ògèrè.

Mo máa ń ka gbogbo wa tó wà nínú yàrá yẹn ní ọjọ́ ìdána. Bàbá ti lọ. Màmá tẹ̀lé wọn, kò pẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ lẹ́yìn tí ó ti gbé àkọ́bí wa jó, tí ó sì ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ló fi sùúrù rí sí ìgbéyàwó náà. Ọ̀rẹ́ Bàbá lọ pẹ̀lú eékún rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ku èmi, ó ku ẹni tí ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀ lé lórí.

Èjìká mi ti sàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. N kò tíì sọ fún un.